Ọmọ Èkó Tó Gbé Ìkòkò Eérú Wọ Ọgbà Ìjà

Ẹni tó bá ti ra ẹja àrọ̀ láàyè rí ní Ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́, á ti rí bí ọwọ́ àwọn ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú ọpọ́n omi ni ẹja wà, ó ń jà, ara rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mú á gbá a ní ìrù. Ẹja á yọ, á tún fi ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún un lọ́wọ́. Ìyá ẹlẹ́ja kò jẹ́ wá ìrù. Ẹ̀yìn orí ló ń lọ tààrà: àtàǹpàkò ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ìka yòókù ní ẹ̀gbẹ́ kejì, lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì, á wá rọra fi ìwúwo ara rẹ̀ tẹ orí ẹja mọ́ pákó. Agbára tó ń lò kò tó nǹkan. Kí oníbàárà tó ka owó tán, ẹja tó ń ta pútúpútú ti dákẹ́.

Bí Kamaru Usman ṣe ń mú èèyàn gan-an nìyẹn. Auchi ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ti bí i. Amẹ́ríkà ló ti kọ́ ìjàkadì dójú àmì, ó sì gbapò kìn-ín-ní láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìpele kejì níbẹ̀ lọ́dún 2010. Nígbà tó wá bọ́ sínú ìjà tó gba ẹ̀ṣẹ́, tó gba ìpá, orí àti ìbàdí ni òun náà ń wá. Á ti onítọ̀hún mọ́ wáyà tó yí ọgbà ìjà ká, á gbé ìwúwo ara rẹ̀ lé e, á máa rọ ẹ̀ṣẹ́ sí i lára díẹ̀díẹ̀ títí okun á fi tán nínú rẹ̀. Ohun tó fi ojú Tyron Woodley rí nìyẹn fún abala márùn-ún gbáko ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta ọdún 2019, tó fi gba bẹ́líìtì UFC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò irú ìjà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ Áfíríkà tó gba irú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀.

Nígbà tí ọjà bá rọlẹ̀ ní Olúwo, kò ṣòro láti rí àwọn ọ̀dọ́kùnrin, ọlọ́kadà, alágbàrù, ẹni tó ń ha ìpẹ́ ẹja fún oníbàárà, tí wọ́n kó orí jọ sórí fóònù kan. Bí kì í bá ṣe bọ́ọ̀lù, á jẹ́ ìjà. Àríyànjiyàn tó máa ń tẹ̀lé e kì í yí padà: ṣé ìjà gidi ni àbí mágòmágó?

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn yìí. Àwọn tí orí wọn ti funfun báyìí rántí Power Mike àti Power Uti, àwọn alágbára tí òkìkí wọn kan káàkiri Nàìjíríà nígbà tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ dúdú àti funfun ṣì jẹ́ ọrọ̀. Àwọn àbúrò wọn rántí kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí wọ́n ń yá ní ọjọ́ kan ní náírà díẹ̀: Hulk Hogan tó ń fa aṣọ ya mọ́ra rẹ̀, Undertaker tó ń yí ojú padà di funfun. Ilé tí kò sí ọmọ tó fò láti orí àga lu àbúrò rẹ̀ lórí tìmùtìmù ní àkókò náà kò pọ̀. Àbúrò tó bá sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé eré lásán ni gbogbo rẹ̀, ìgbátí tí ẹ̀gbọ́n máa fún un kì í ṣe eré.

Nǹkan méjì ni wọ́n ń dà pọ̀ nínú àríyànjiyàn náà. Àkọ́kọ́ ni rẹ́sílìn, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ WWE ń ṣe. Wọ́n ti mọ ẹni tó máa borí kí agogo tó lu. Àwọn òǹkọ̀wé wà tó ń hun ìtàn rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Áktọ̀ wà, bọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣọ̀tá wà, ọ̀rẹ́ wà tó máa dalẹ̀ ọ̀rẹ́ nígbà tí kò yẹ. Èkejì ni èyí tí ayé ń pè ní MMA, ẹni tó bá sì pè é ní ìjà àdàlù kò jẹ̀bi. Bí ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe ń bá ara wọn nínú ìkòkò kan ni ẹ̀ṣẹ́, ìpá, ìjàkadì àti ọrùn fífún ṣe pàdé nínú ọgbà oníwáyà onígun mẹ́jọ ti UFC. Níbẹ̀, olúkúlùkù ń jà fún ara rẹ̀ ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti sú á fọwọ́ gbá ilẹ̀ kí wọ́n fi í sílẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rẹfirí á dá ìjà dúró, tàbí kí àwọn adájọ́ mẹ́ta ka àmì.

Ó rọrùn láti pín wọn báyẹn lórí ìwé. Lójú agbo, ọ̀rọ̀ náà lọ́ pọ̀ bí irun tí kò rí òòyà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2022, iná kú nínú gbọ̀ngàn T-Mobile Arena ní Las Vegas. Agogo kan dún, ohùn rẹ̀ wúwo bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lù fún òkú. Gbogbo ẹni tó ti wo rẹ́sílìn rí ló mọ agogo náà: ti Undertaker ni, ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe asìnkú nínú WWE. Ṣùgbọ́n UFC ló ń ṣeré lálẹ́ ọjọ́ náà, Undertaker kọ́ ló sì jáde. Israel Mobọ́lájí Adesanya ni, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó lọ́dún 1989. Ó dé fìlà dúdú ẹlẹ́tí fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbé ìkòkò tí àwọn òyìnbó ń rọ eérú òkú sí dání, orúkọ Jared Cannonier, ọkùnrin tó fẹ́ bá jà, ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ò sáré ju èkejì lọ. Ó ń bọ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé òkú kì í sá.

Ní Ọ̀pẹ̀bì, nílé-ìwé Chrisland, ni ọmọ yìí ti kọ́kọ́ kọ́ taekwondo, kí ìyá rẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nítorí pé ó fara pa. Wọ́n kó lọ sí New Zealand, àwọn ọmọ ilé-ìwé sì ń fìtínà rẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tó dàgbà díẹ̀ ló wo fíìmù Ong-Bak láti Thailand, tó sì pinnu pé òun náà á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ìpá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, níwájú èrò tó lé ní 57,000 ní Melbourne, ó gbá Robert Whittaker lulẹ̀, ó sì di ọba ìwọ̀n rẹ̀ nínú UFC. Kí ìjà náà tó bẹ̀rẹ̀, ó ti kọ́kọ́ bá àwọn oníjó jó wọlé. Tipẹ́tipẹ́ ló ti mọ̀ pé èrò tó sanwó fẹ́ wo ìran kí wọ́n tó wo ẹ̀jẹ̀.

Ká má parọ́, ìwọlé Las Vegas yẹn dùn ju ìjà lọ. Odindi ìṣẹ́jú 25 ni Adesanya àti Cannonier fi ṣọ́ ara wọn bí ológbò méjì lórí ògiri. Àwọn èrò hó yẹ̀yẹ́. Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà ilé kí abala karùn-ún tó parí. Adesanya ni àwọn adájọ́ fún, ohun tó sì ṣe bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹni tó ní bẹ́líìtì lọ́wọ́ kò ní ìdí láti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Àmọ́ ẹni tó san owó gọbọi fún àga kò ra ọgbọ́n.

Ìṣòro yẹn gan-an ló bí rẹ́sílìn.

Rẹ́sílìn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irọ́. Nígbà tí Frank Gotch ti Amẹ́ríkà pàdé George Hackenschmidt, akíkanjú láti Yúróòpù, ní Chicago ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 1908, ó lé ní wákàtí méjì tí wọ́n fi di ara wọn mú. Wákàtí méjì! Ẹni tó bá ti wo ọkùnrin méjì tí wọ́n forí kọ́ èjìká ara wọn láìṣí ẹni tó mira á mọ ìyà tó jẹ àwọn òǹwòran. Ìjà gidi kò lè ṣèlérí ohunkóhun. Ó lè parí ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí ẹni tó lọ ra gúgúrú má rí nǹkan kan. Ó sì lè pẹ́ títí oorun á fi gbé èèyàn lọ. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1920 sí 1929, Ed Lewis, tó jẹ́ ògbólógbòó ajìjàkadì, àti àwọn alájọṣe rẹ̀, Billy Sandow àti Toots Mondt, ti wá ojútùú sí i. Wọ́n dín àkókò kù, wọ́n fi fífò àti gbígbé-sọ kún un, wọ́n sì ń ṣètò ẹni tó máa borí. Gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Wọn kò sọ fún èrò o. Àwọn oníṣẹ́ rẹ́sílìn ní orúkọ fún àṣírí yìí, kayfabe ni wọ́n ń pè é, òfin tó sì le ni nígbà náà. Áktọ̀ àti bọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ jókòó sínú mọ́tò kan náà lẹ́yìn eré. Ẹni tí wọ́n bá “ṣẹ́” lẹ́sẹ̀ lálẹ́ Sátidé gbọ́dọ̀ máa tiro títí dé ilé oúnjẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí ọmọ aráyé má baà rí i tó ń rìn gaara.

Ọmọ Yorùbá kò nílò ẹni tó máa túmọ̀ èyí fún un. Bí eégún bá jáde, ẹni tó mọ ìrìn àwọn ará àdúgbò dáadáa lè fura sí ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀. Ta ló máa pariwo orúkọ rẹ̀? Ará ọ̀run kìn-ín-kin ni, ó parí. Àwọn tó ń sá fún ẹgba rẹ̀ kò gọ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì ti jọ fẹnu kò pé àwọn kò mọ̀, ayọ̀ ọjọ́ náà sì wà nínú àjọmọ̀ yẹn. Awo ni. Ọjà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, orúkọ oyè olórí awo ló ń jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òórùn ẹja ló ń kí àlejò káàbọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀ffà tiẹ̀ lọ jù bẹ́ẹ̀. Ìlú tí akéwì kò lè kì tán láìdárúkọ ìjàkadì ni. Nínú ọdún Onímọ̀ká tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, Ọlọ́fà àti Ẹ̀sà, olóyè àgbà ìlú, máa ń di ara wọn mú ní gbangba. Ìjàkadì àmì ni, ẹnikẹ́ni kò sì wá síbẹ̀ láti wò bóyá Ẹ̀sà máa dá ọba lápá. Síbẹ̀ ìlú á tú jáde wá wò ó, àwọn ọmọ Ọ̀ffà tó wà lẹ́yìn odi á wálé. Bí ẹnì kan bá dìde láàárín agbo pé kí wọ́n dá eré dúró, pé ìjà náà kì í ṣe gidi, ojú wèrè ni wọ́n máa fi wò ó. Ìjàkadì tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà wà níbòmíràn, èyí tí ẹ̀yìn ẹnì kan gbọ́dọ̀ fi kan ilẹ̀ kí ìlù tó yí padà. Yorùbá gba méjèèjì láyè, eré sì ni ó ń pe méjèèjì.

Ẹni tó tú awo rẹ́sílìn ni ẹni tó ni ín. Lọ́dún 1989, ilé-iṣẹ́ Vince McMahon, tó di WWE lónìí, jẹ́wọ́ fún àwọn aṣòfin Ìpínlẹ̀ New Jersey pé àríyá ni àwọn ń ṣe, àwọn kì í ṣe ìdíje. Owó ló tì wọ́n. Ìdíje gidi wà lábẹ́ ìgbìmọ̀ eré ìdárayá ìpínlẹ̀, tó ń gba owó, tó sì ń rán dókítà àti rẹfirí wá. Àríyá kò sí lábẹ́ wọn. Àṣírí tí àwọn baba wọn fi eyín dì mú fún ọ̀pọ̀ ọdún, owó-orí ló jẹ́ kí wọ́n tu ú sílẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé èrò kò dín. Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ara kì í báni ṣeré. Wọ́n lè ṣètò ẹni tó máa ṣubú, wọn kò lè bá ilẹ̀ ṣètò bó ṣe máa gbà á. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 1998, ní Pittsburgh, Undertaker ju Mick Foley, tí wọ́n ń pè ní Mankind, láti orí àgò irin kan sórí tábìlì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 16 sílẹ̀. Foley dìde, ó tún gun àgò náà padà, òrùlé rẹ̀ sì tún já pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ti jọ sọ ìṣubú àkọ́kọ́ tẹ́lẹ̀. Òrùlé tó já kò sí nínú àdéhùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Kansas City, wọ́n fẹ́ fi okùn sọ Owen Hart kalẹ̀ láti òkè gbọ̀ngàn bí ẹni tó ń fò; ohun tó so ó mọ́ okùn já sílẹ̀ kó tó dé ìsàlẹ̀, ó sì kú. Wọ́n ń bá eré lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, ìwà tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ́sílìn kò tíì fi jì wọ́n títí dòní.

Ìgbà tí ìjà gidi kọ́kọ́ lọ yá aṣọ lọ́wọ́ rẹ́sílìn ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Lọ́dún 1961, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ pàdé Gorgeous George ní Las Vegas. Ajìjàkadì ni George, ó máa ń di irun rẹ̀ bí obìnrin, wọ́n á fín lọ́fínńdà kó tó wọ rìǹgì, á sì máa fọ́nnu pé kò sí ẹni tó lẹ́wà tó òun. Èrò kórìíra rẹ̀ dé góńgó, gbọ̀ngàn sì máa ń kún dẹ́múdẹ́mú, nítorí olúkúlùkù fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa lù ú. Ọ̀dọ́kùnrin náà lọ rò ó. Orúkọ tó gbà lẹ́yìn náà ni Muhammad Ali, ẹnu rẹ̀ sì di ohun ìjà kẹta lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé yẹn ló wá sí Nàìjíríà, tí èrò tú jáde wá wò ó.

Ali san gbèsè ẹ̀kọ́ náà padà ní Tokyo. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 1976, nínú gbọ̀ngàn Budokan, wọ́n fi abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tó lókìkí jù láyé kojú Antonio Inoki, ọ̀gá rẹ́sílìn Japan. Àríyànjiyàn lórí òfin kò jẹ́ kí ìjà náà rí orí mú. Inoki wá dọ́gbọ́n: ó dùbúlẹ̀. Láti ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń ta ìpá sí Ali ní ojúgun àti itan, abala lẹ́yìn abala, títí wọ́n fi pé 15. Ali ń pariwo pé kó dìde kó wá jà bí ọkùnrin. Inoki kò dá a lóhùn, ó ń ta ìpá tirẹ̀ lọ. Ọ̀mì ni wọ́n pè é, àwọn èrò sì ń fi ìbínú sọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ali wú, ẹ̀jẹ̀ dì nínú rẹ̀, ilé ìwòsàn ló gbẹ̀yìn sí. Ẹni tó bá ń wo UFC lónìí, tó rí bí wọ́n ṣe ń fi ìpá ba ojúgun jẹ́ kí ọ̀tá má lè rìn mọ́, irúgbìn rẹ̀ ló ń wò yẹn.

Nígbà tí UFC fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Denver ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ọ̀kan nínú àwọn tó jà lálẹ́ ọjọ́ náà ni Ken Shamrock, tó ti ṣe rẹ́sílìn ní Japan. Royce Gracie, ọmọ Brazil tó tín-ín-rín, ló fún un lọ́rùn. Lọ́dún 1997 Shamrock gba ọ̀dọ̀ McMahon lọ. Látìgbà náà ni ọ̀nà àárín ilé méjèèjì kò ti hu koríko mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba ọ̀nà náà ló dé ibi tó ń lọ. Brock Lesnar gba ipò kìn-ín-ní nínú ìjàkadì yunifásítì Amẹ́ríkà lọ́dún 2000, ó di ọba nínú WWE lọ́dún 2002, ó wọ UFC ní oṣù Kejì ọdún 2008. Frank Mir kọ́kọ́ lọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí ó fi juwọ́ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì. Kí ọdún náà tó parí, Lesnar ti fọ́ Randy Couture lórí, ó gba bẹ́líìtì àwọn géńdé. CM Punk náà gbajúmọ̀ ní WWE, bóyá ju Lesnar lọ ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, ṣùgbọ́n kò jìjàkadì gidi rí. Ó ti lé díẹ̀ ní ọdún 37 nígbà tó wọ ọgbà UFC ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016. Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 14 ni Mickey Gall fi fún un lọ́rùn. Ohun tó wà nínú Lesnar kí ó tó kọ́ eré ni kò sí nínú Punk.

Ní Senegal, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibi kan náà. Laamb ni ìjàkadì ilẹ̀ wọn, òògùn àti ìlù ni wọ́n fi ń wọ pápá, pápá sì máa ń kún ju ti bọ́ọ̀lù lọ. Láti inú laamb ni Oumar Kane, tí wọ́n ń pè ní Reug Reug, ti bọ́ sínú ìjà àdàlù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó na Anatoly Malykhin ti Rọ́ṣíà, ó sì gba bẹ́líìtì àwọn géńdé nínú ẹgbẹ́ ONE ní Bangkok.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà ní WWE ńkọ́? Níbẹ̀ ni ẹ̀rín àti ìbínú ti máa ń pàdé. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2021, nínú WrestleMania 37, àríyá ńlá WWE, ní Tampa, wọ́n to ìlù yí rìǹgì ká, wọ́n ní “ìjà ìlù Nàìjíríà” ni Apollo Crews àti Big E fẹ́ jà. Orúkọ àbísọ Crews ni Sesugh Uhaa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, orúkọ Tiv ló sì ń jẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀kọ̀ kiri, tí ohùn rẹ̀ yí padà di ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ìlú tí wọ́n ti ń fi ìlù jà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́ka sí i. Òmìrán kan ló wá gba Crews sílẹ̀, Commander Azeez ni wọ́n pè é. Babatunde Aiyegbusi ni orúkọ ọkùnrin náà gan-an, ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Poland, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí i. Ẹni tó ní orúkọ Yorùbá tó gún régé báyìí, òun ni wọ́n wá orúkọ mìíràn fún kó lè dà bí ọmọ Nàìjíríà!

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, nínú WrestleMania kan náà, òmìrán mìíràn ti gba bẹ́líìtì pẹ̀lú AJ Styles. Omos lorúkọ rẹ̀ níbẹ̀. Tolulope Omogbehin ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Èkó lọ́dún 1994. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ, bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sáwọ̀n ló kọ́kọ́ gbé e dé yunifásítì. Gígé tí wọ́n gé orúkọ ìdílé rẹ̀ kúrú jọ bí ọmọ àdúgbò ṣe ń gé orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ojú títì, kò burú rárá.

Ẹni tó tún ọ̀rọ̀ náà ṣe ni Oba Femi. Isaac Odugbesan, ọmọ tí wọ́n bí ní Èkó, ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òkò irin ló ń jù ní Yunifásítì Alabama kí WWE tó rí i. Kò gbé ọ̀kọ̀, kò yí ohùn padà. Á dúró, á gbé àyà sókè, á wo ẹni iwájú rẹ̀ bí ọba ṣe ń wo ẹni tó gbàgbé láti dọ̀bálẹ̀. Lẹ́yìn náà, á gbé onítọ̀hún lé èjìká, á yí i ká nínú afẹ́fẹ́, á sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lu ilẹ̀. Bàbá àgbàlagbà tó ti wo gídígbò rí kò nílò atúmọ̀ láti mọ ẹni tó borí. Ọjọ́ 273 ló fi di bẹ́líìtì North American ti NXT, ẹ̀ka WWE fún àwọn tó ń dìde bọ̀, mú, kò sí ẹni tó pẹ́ tó o pẹ̀lú rẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìíní ọdún 2025 ló gba bẹ́líìtì NXT gan-an lọ́wọ́ Trick Williams. Ní Florida, òyìnbó tó kún gbọ̀ngàn ń kígbe “Ọba”, àmì ohùn rẹ̀ sì ń ṣì wọ́n lọ́nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí rẹ́sílìn ṣe ń wá ara gidi, bẹ́ẹ̀ ni ìjà gidi ń wá bọ́ọ̀sì. Colby Covington jẹ́ ajìjàkadì gidi láti yunifásítì, àmọ́ ẹnu ló sọ ọ́ di olókìkí. Ó bú àwọn ará Brazil nínú ilé wọn ní São Paulo. Ó dé fìlà pupa òṣèlú, ó ń rẹ́rìn-ín bí bọ́ọ̀sì inú fíìmù. Èrò sanwó láti wo bí Usman ṣe máa pa á lẹ́nu mọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, Usman sì lù ú ní àgbọ̀n títí rẹfirí fi wọlé ní abala karùn-ún. Ọgbọ́n Gorgeous George ni, ó kàn jẹ́ pé wọ́n lu George ní àdéhùn ni.

Ìtàn tó fi gbogbo rẹ̀ hàn jù kò ní òǹkọ̀wé. Lọ́dún 2017, nígbà tí Adesanya ṣì ń ta ìpá kiri, Alex Pereira gbá a dákú ní Brazil. Ọmọ Pereira, ọmọdé nígbà náà, wọ rìǹgì, ó sì ṣubú gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adesanya, ó ń fi bó ṣe dákú ṣe yẹ̀yẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, Pereira tún wá bá a nínú UFC, ó gba bẹ́líìtì rẹ̀ ní New York. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n pàdé ní Miami. Abala kejì: Adesanya fẹ̀yìn ti wáyà, ó jọ pé ó ti tán fún un. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan, ó tún jáde, Pereira sì ṣubú bí igi ọ̀pẹ. Adesanya dúró tì í, ó na apá òsì, ó fa apá ọ̀tún sẹ́yìn, ó ta ọfà tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣe Pereira fúnra rẹ̀ ni ọfà yẹn, òun ló máa ń ta á kó tó jà. Lẹ́yìn náà ni Adesanya wá ọmọ náà rí láàárín èrò, ó nàka sí i, ó sì ṣubú gbalaja bí ọmọ náà ti ṣe ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Àgbàlagbà kan tó fi ọdún mẹ́fà gbé gbèsè ọmọdé lọ́kàn! Bí òǹkọ̀wé WWE bá gbé irú ìtàn yìí wá, ọ̀gá rẹ̀ lè sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù.

Bó bá jẹ́ rẹ́sílìn ni, bẹ́líìtì náà kò ní kúrò lọ́wọ́ Adesanya fún ọdún kan, ó kéré tán. Ẹ̀wù ìtàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí i lára ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní Sydney, Sean Strickland, tí àwọn atatẹ́tẹ́ kò kà sí, fi ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún gbé e ṣubú ní abala àkọ́kọ́, ó rìn tẹ̀ lé e kiri ọgbà fún ìṣẹ́jú 25, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fún Strickland.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, WWE àti UFC di ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. TKO ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ tí àwọn akànṣẹ́ ń pe ìjà tí rẹfirí bá dá dúró nítorí pé ẹnì kan kò lè jà mọ́. Ní ọjà owó New York, ìpín TKO kan náà ni wọ́n ń tà fún ẹni tó fẹ́ràn ìjà gidi àti ẹni tó fẹ́ràn mágòmágó.